Orúnkún Àpọ́nlé

Ọjọ́ Ajé, 2 Dìsẹ́ńbà 2024

Nítorí ohun kan ṣoṣo ni mo ṣe ra ìwé yìí. Bí ìyáálé bá sọ òótọ́, wọ́n á ní owú ló ń jẹ. Bó bá dákẹ́, wọ́n á ní ó ń di kùnkùn sínú. Ó dáa. Èmi Àwáwù, ìyá Wàhábì, ìwé mẹ́fà ni mo kà ní Ṣakí níbí, mo sì mọ déètì kọ. Ohunkóhun tí ìyàwó ilé yìí bá ṣe sí mi láti òní lọ, mo máa kọ ọ́, pẹ̀lú ọjọ́, pẹ̀lú aago. Tí ìpàdé ẹbí bá dé lẹ́yìn ọdún tuntun, mi ò ní sunkún níwájú Bàbá Àríyọ̀, ẹ̀gbọ́n ọkọ wa. Mo máa kà á ni. Kí wọ́n dá a padà sílé bàbá rẹ̀ n'Ìràwọ̀, kí n simi.

Tòní rèé. Aago mẹ́fà kọjá ogún ìṣẹ́jú. Ó jáde ní yàrá, ó di ilẹ̀kùn mú, ó ní, "Ẹ káàárọ̀, Ìyáálé mi." Ní ìdúró. Ṣánṣán, bí ẹni tó ń kí ọlọ́kadà. Mo ń retí kí orúnkún kanlẹ̀. Kò kanlẹ̀. Ó kọjá lọ sẹ́yìnkùlé, ó ń rìn bí ẹni tí ilẹ̀ ń jó.

Àpọ́nlé lorúkọ tí wọ́n sọ ọ́. Ẹni tó sọ ọ́ kò dúró wò ó dàgbà.

Ọjọ́rú, 4 Dìsẹ́ńbà

Ìdúró.

Àlàmísì, 5 Dìsẹ́ńbà

Ìdúró. Ó tún fọwọ́ ti ìdí bí aláboyún oṣù mẹ́sàn-án. Kò lóyún. Mo ti wò ó.

Ṣùgbọ́n ìwé, gbọ́ èyí. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ọkọ wa ti oko dé — Ládòkun, ẹni tó ń fi ojú fo ohun gbogbo. Ìyàwó kúnlẹ̀! Orúnkún méjèèjì, gbì! Ó gba ọkọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. Ládòkun wò mí bí ẹni tó fẹ́ sọ pé, ṣé o rí ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé.

Orúnkún wà, àbí kò sí? Ó wà. Ó mọ ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ fún ni.

Jímọ̀, 6 Dìsẹ́ńbà

Ọyẹ́ ti ń mú. Àsìkò èlùbọ́ rèé, ojú kò gbọdọ̀ kúrò lára iṣu. Ìdájí là ń bẹ ẹ́, kí a bọ̀ ọ́, kí a rí i sá sórí àpáta kí òòrùn tó ga. Àwọn tó mọ̀ wá mọ̀ pé èlùbọ́ ilé wa kì í dúdú.

Èmi nìkan ni mo bẹ iṣu lónìí. Èmi àti Fàtímọ̀, ọmọ ìyàwó, ọmọ ọdún mẹ́wàá, kó tó lọ sílé ìwé. Ìyá rẹ̀ mú ọ̀bẹ, ọ̀bẹ bọ́. Ó tún mú un, ó tún bọ́. Mo ní, "Ìyá Fàtímọ̀, ṣé iṣu ló ń bù ẹ́ jẹ ni?" Ó ní ìka òun ló gan, tí òòrùn bá ràn mọ́ òun, á tú. Mo ní, "Á tú? Okùn ni ẹ́?"

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Bí okùn náà ló rí, Ìyáálé mi." Ó lè fi ẹ̀rín pa ni.

Aago mẹ́wàá, ó dé ìdí iṣu, ó ń bẹ ẹ́ fìrìfìrì bí ẹni tí wọ́n ń lé. Títí dìrọ̀lẹ́. Kò simi. Kí ló dé tí àárọ̀ kò rí i báyìí? Mo ti sọ ọ́ lórúkọ: Ọ̀sánpọ́n. Ọ̀sán gbọ́dọ̀ pọ́n kó tó di èèyàn.

Ọjọ́ Ajé, 9 Dìsẹ́ńbà

Ìdúró. Aago méje kọjá kó tó jáde rárá.

Àbámẹ́ta, 14 Dìsẹ́ńbà

Ojú ọ̀tún Ọ̀sánpọ́n pọ́n. Pọ́n bí osùn.

Àpólò. Ta ni kò mọ Àpólò? Mo ya ife rẹ̀ sọ́tọ̀, mo ya táwẹ́ẹ̀lì rẹ̀ sọ́tọ̀, mo ní kí Fàtímọ̀ wá máa sùn lọ́dọ̀ mi. Mo kọjá lọ́dọ̀ Adégbénró tó ń ta oògùn nídìí ọjà. Kò béèrè ju ẹ̀ẹ̀kan lọ: "Ó pọ́n?" Mo ní ó pọ́n. Ó ní, "Àpólò ni, ìyá. Ọyẹ́ yìí ló ń gbé e kiri." Ó fẹ́ ta oògùn ojú tuntun fún mi. Mo ní mo ní èyí tó ṣẹ́kù nílé, èyí tí mo lò nígbà tèmi lọ́dún kẹta sẹ́yìn. Ó ní tí kò bá tíì yí àwọ̀ padà, kò burú. Mo kán an sí i lójú fúnra mi. Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé mi ò tọ́jú rẹ̀.

Ohun kan rèé tó ń ṣe mí bákan. Kò ní ipin. Àpólò tí mo mọ̀, bí ilẹ̀ bá mọ́, ipin á ti lẹ ìpéǹpéjú pọ̀, omi gbígbóná la fi ń tú u. Tirẹ̀, omi lásán ló ń dà. Ó sì ń fi ọwọ́ bojú sí òòrùn, ó ní ìmọ́lẹ̀ ń gún òun dé àárín orí.

Ìṣẹ́gun, 17 Dìsẹ́ńbà

Ó ti kó ara rẹ̀ lọ sínú yàrá iṣu, níbi tí kò ní fèrèsé. Ó ní ibẹ̀ ló tu òun lára. Ẹni tó bá wọlé, iṣu ló máa kọ́kọ́ rí, kó tó rí i. Iṣu pàápàá ń jáde wá kí wọ́n bẹ ẹ́.

Èmi nìkan ni mo gun àpáta lónìí. Ẹ̀ẹ̀mẹfà.

Jímọ̀, 20 Dìsẹ́ńbà

Ojú ti ń wálẹ̀. Mo sọ fún ọkọ wa pé ṣé ó rí i, oògùn ọdún kẹta ṣì ń ṣiṣẹ́. Inú rẹ̀ dùn. Inú ọkùnrin máa ń dùn bí wọn kò bá ní kí ó dìde.

Ẹni mẹ́rin la wà nínú ilé. Èmi kò ní i, Fàtímọ̀ kò ní i, Ládòkun tí kò tilẹ̀ ya ara rẹ̀ sọ́tọ̀ kò ní i. Nígbà tèmi, odindi agboolé ló mú. Àpólò wo ni kì í ràn? Mo kàn kọ ọ́ sílẹ̀ ni.

Jímọ̀, 27 Dìsẹ́ńbà

Ojú náà ti padà. Ó ju ti àkọ́kọ́ lọ. Àná, ó ní ojú ń ro òun, títí dé eyín. Ìdúró náà ti di ìdúró tó fara ti ògiri.

Ládòkun sọ̀rọ̀ lẹ́yìn oúnjẹ. Ó ní dókítà ojú kan ń bẹ n'Ìsẹ́yìn tó ń jókòó lọ́jọ́ Ajé, ṣé kí a gbé e lọ? Mo ṣírò rẹ̀ fún un lójú ẹsẹ̀: ọkọ̀ ẹni méjì lọ bọ̀, káàdì, oògùn, ọjọ́ kan tí iṣu kò ní rí ẹni bẹ ẹ́. Fún Àpólò! Mo ní, "Baba Wàhábì, Àpólò kì í ju ọ̀sẹ̀ kan lọ. Àárọ̀ ló fẹ́ sá fún, ẹ̀yin ni kò mọ̀. Ọ̀sán ń bọ̀, ẹ ó rí i bó ṣe máa kúnlẹ̀ fún yín."

Ó họ orí. Ó ní, "Ìwọ lo mọ ọ̀rọ̀ ilé." Ó gbọ́ tèmi. Tó bá ti di pé a ṣírò nǹkan fún un, ó máa ń gbọ́ tèmi.

Ìṣẹ́gun, 31 Dìsẹ́ńbà

Mo ka ìwé yìí láti iwájú wá, mo fi àwọn ọjọ́ tí mi ò kọ kún un. Láti ọjọ́ kejì oṣù, ẹ̀ẹ̀mọkànlélógún ló kí mi ní ìdúró. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló kúnlẹ̀ fún mi láàárọ̀, ìyẹn náà, nǹkan ló fẹ́ he nílẹ̀.

Ẹ̀rí ti pé.

Àìkú, 5 Jánúárì 2025

Ìpàdé ẹbí. Aago mẹ́jọ àárọ̀, nílé Bàbá Àríyọ̀.

Mo kà á. Mo kà á bí tíṣà. Ọjọ́, aago, ìdúró. Àwọn ìyàwó ilé ń mi orí. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Hẹ̀n-ẹ́n, Ìyá Wàhábì, ẹ tún ti di akọ̀wé kóòtù!" Wọ́n rẹ́rìn-ín, mi ò rín.

Bàbá Àríyọ̀ bi í: ṣé irọ́ ni? Ó ní kì í ṣe irọ́. Ó ní orúnkún òun kì í gbọ́ lówùúrọ̀ ni. Bàbá ní, "Orúnkún ta ni? Ṣé orúnkún aládùúgbò ni?" Ilé wó fún ẹ̀rín. Wọ́n ní kó kúnlẹ̀ lójú gbogbo wa. Ó mú ògiri, ó ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó kan ilẹ̀. Dídìde ló wá di ìṣòro. Ó wà níbẹ̀ tí wọ́n fi bọ́ sórí ọ̀rọ̀ mìíràn. Mo ní lọ́kàn mi pé eré rẹ̀ dára, ì bá lọ ṣe fíìmù.

Ìdájọ́: ọjọ́ méje. Kí ó máa kúnlẹ̀ kí mi ní aago mẹ́fà òwúrọ̀, lórí sìmẹ́ǹtì, kì í ṣe lórí ẹní. Bí ó bá yẹ ẹyọ kan, Ìràwọ̀ yá.

Mo ṣẹ́gun. Mo ra ẹran wálé.

Ọjọ́ Ajé, 6 Jánúárì

Mo jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà yàrá mi láti aago mẹ́fà ó ku díẹ̀. Ó jáde. Ó pẹ́ kó tó délẹ̀. Ọwọ́ kan lára ògiri, ìkejì lórí itan. Orúnkún rẹ̀ ké, mo gbọ́ ọ, bí igi ìdáná tí wọ́n ṣẹ́. "Ẹ káàárọ̀, Ìyáálé mi." Mo ní, "Káàárọ̀, ìyàwó. Ṣé o jí dáadáa?"

Ohùn mi dùn. Mo gbádùn rẹ̀. Mi ò ní purọ́ fún ìwé.

Ìṣẹ́gun, 7 Jánúárì

Ó kúnlẹ̀.

Ọjọ́rú, 8 Jánúárì

Ó kúnlẹ̀. Fàtímọ̀ ló fà á dìde. Ọmọ náà kò kí mi.

Àlàmísì, 9 Jánúárì

Jẹ́ kí n kọ eléyìí bó ṣe rí, kí n má fi kún un.

Ó kúnlẹ̀, ó gbójú sókè láti kí mi. Àpótí tí mo jókòó lé kúrú, ojú rẹ̀ wá bá tèmi dọ́gba. Mo tan tọ́ọ̀ṣì fóònù mi sí i, nítorí mo fẹ́ rí i bóyá ó ń rẹ́rìn-ín mi. Ó fẹ́ pa ojú dé. Mo ní má pa á dé.

Ọdún méjìlá la ti jọ wà nínú ilé yìí. Mi ò tíì wo ojú ọmọ yìí báyìí rí. Ta ló ń wo ojú ìyàwó? Orúnkún là ń wò.

Dúdú inú ojú ọ̀tún kò rí roboto mọ́. Etí rẹ̀ rí jákujàku, bí ewé tí tata jẹ. Ti òsì rí roboto. Mo fọwọ́ bo òsì. Mo ní, ìka mélòó rèé? Ó ní, "Ìyáálé mi, ṣé ọwọ́ yín wà níbẹ̀ ni?"

Mo bẹ̀rẹ̀ láti gbé e dìde, ọwọ́ mi ba orúnkún rẹ̀. Láti orí ìró, ó gbóná bí ìkòkò tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Ó wú tó orí ọmọ tuntun. Èèyàn lè fi ojú ṣe eré. Ta ló lè mú orúnkún gbóná nítorí eré?

Mi ò bẹ iṣu lónìí.

Jímọ̀, 10 Jánúárì

Mo lọ bá a ní yàrá iṣu kí aago mẹ́fà tó lù, mo ní kó jókòó, mi ò fẹ́ ìkúnlẹ̀ mọ́. Ó di mí lápá mú, ó fi mí ṣe ògiri, ó kúnlẹ̀. Ó ní, "Ọjọ́ méje ni Bàbá dá, Ìyáálé mi. Ó ku ọ̀la àti ọ̀tunla. Ẹnikẹ́ni kò ní sọ pé mi ò parí rẹ̀." Ó fi apá mi kúnlẹ̀ fún mi. Mo dúró bí òpó.

Mo sọ fún Ládòkun pé Ìsẹ́yìn yá lọ́jọ́ Ajé. Ó wò mí títí. Ó ní, "Ṣebí ìwọ lo ní Àpólò ni? Ìwọ lo ní kì í ju ọ̀sẹ̀ kan. Àbí Àpólò ti sọ fún ẹ pé òun ń dúró?" Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n tí mo ti fẹ́ ẹ, kò tíì sọ̀rọ̀ tó dùn mí tó báyìí, nítorí kò tíì sọ èyí tó jóòótọ́ tó báyìí.

Mo yọ nínú owó èlùbọ́ mi. Mi ò ní kọ iye rẹ̀ síbí.

Ọjọ́ Ajé, 13 Jánúárì

A ti Ìsẹ́yìn dé. Bí mi ò bá kọ ọ́ lónìí, mo máa tún un ṣe lọ́la kó lè dára létí mi.

Èmi àti Àpọ́nlé la lọ. Ó fi gèlè bo ojú ọ̀tún nínú ọkọ̀. Ẹnì kan ní, "Àpólò nìyẹn o, ẹ sún síwájú!" Gbogbo èrò sún. Mo ní kì í ṣe Àpólò. Wọ́n bi mí pé kí wá ni. Mi ò mọ̀.

Obìnrin ni dókítà náà, kò tó ọmọ ogójì ọdún. Ó fi ìmọ́lẹ̀ tín-ín-rín kan wo ojú náà, ó tún un wò, ó mí kanlẹ̀. Lẹ́yìn náà ó béèrè ohun tí mi ò retí lẹ́nu dókítà ojú. Ó ní, "Ẹ̀yìn yín ńkọ́? Orúnkún ńkọ́? Tí ẹ bá jí, ó máa ń tó ìgbà wo kí ara yín tó gbọ́?"

Àpọ́nlé ń wò ó bí ẹni tó rí àǹjọ̀nú. Ó ní, "Ta ló sọ fún yín?"

Dókítà ní ojú ló sọ ọ́. Ó ní Àpólò, ìta ojú ló ń mú. Eléyìí, inú lọ́hùn-ún ni, níbi tí dúdú ojú wà. Ó ní, "Ṣé ẹ mọ ọlọ́dẹ tí ń ṣọ́ àdúgbò? Ara wa náà ní tirẹ̀. Ti ìyàwó yìí ti ṣi ènìyàn mọ̀, onílé ló ń lù. Ó ń lu eegun ẹ̀yìn, ó ń lu orúnkún àti oríkèé ìka, ó sì ń wọ inú ojú lọ lù ú níbẹ̀. Ọlọ́dẹ kan náà ni, kóńdó kan náà ni." Ó ní bí orúnkún ṣe ń wú ni inú ojú náà ń wú, àmọ́ a kì í rí tojú. Dúdú ojú ti lẹ̀ mọ́ ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ìdí nìyẹn tí kò fi rí roboto mọ́.

Mo ní, ẹ dárí jì mí, dókítà, làkúrègbé àwa àgbà, iṣẹ́ ló ń mú un le, ìsinmi ló ń tù ú. Tirẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Tó bá ti ń ṣiṣẹ́, ara rẹ̀ á yá. Ṣé ẹ ò rò pé... Ó ní, "Ohun tó fi yàtọ̀ nìyẹn, ìyá. Oorun ló ń mú un gan, iṣẹ́ ló ń tú u. Èèyàn máa ń rò pé ọ̀lẹ ni wọ́n láàárọ̀." Kò wo ojú mi nígbà tó sọ ọ́. Kò mọ̀ mí rí.

Ó wá ní ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀? Àpọ́nlé ní ó pẹ́. Dókítà ní pípẹ́ kì í ṣe ọjọ́: ìgbà wo ni ojú pọ́n, ìgbà wo ló fi òun sílẹ̀, ìgbà wo ló padà? Àpọ́nlé kò mọ̀. Ta ló ń ka ọjọ́ nínú yàrá iṣu?

Ẹnu mi là fúnra rẹ̀. Mo ní, "Ọjọ́ kẹrìnlá Dìsẹ́ńbà ló pọ́n. Ó ń wálẹ̀ lógúnjọ́. Kó tó di ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, ó ti padà." Àwọn méjèèjì yíjú sí mi. Dókítà ní, "Ìyá, báwo lẹ ṣe mọ̀?" Ìwé yìí wà nínú báàgì mi, nítorí mo fẹ́ kọ owó ọkọ̀ sínú rẹ̀. Mo mú un jáde bí òmùgọ̀. Ó ní kí n kà á.

Mo ń fo àwọn ibì kan. Ó mọ̀. Ó ní, "Ẹ má fo nǹkan kan, jọ̀ọ́. Ibi tó lè dìde àti ibi tí kò lè dìde ni mo fẹ́ gbọ́." Mo kà á. "Ṣánṣán, bí ẹni tó ń kí ọlọ́kadà." Mo kà á. "Okùn ni ẹ́?" Mo kà á. "Àárọ̀ ló fẹ́ sá fún." Dókítà ń kọ, bírò rẹ̀ kò dúró. Ó ní nínú gbogbo aláìsàn tí òun ń rí, kò sí ẹni tó mú àkọsílẹ̀ tó dára báyìí wá rí. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Àpọ́nlé jókòó, ojú kan là, ọ̀kan padé.

Mo béèrè nípa oògùn ọdún kẹta. Dókítà ní kò pa ojú, kì í ṣe oògùn rẹ̀ lásán ni. Ó ní, "Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tó ti lọ ló pa á." Mo ṣírò rẹ̀ nínú ọkọ̀. Lógúnjọ́, mo ti mọ̀ pé kì í ràn. Lọ́jọ́ kẹrìnlá gan-an, mo ti mọ̀ pé kò ní ipin. Mo kọ ọ́ sílẹ̀. Mo kàn kọ ọ́ sílẹ̀ ni.

Bí a ṣe kọjá Òkèehò, Àpọ́nlé yíjú sí mi. Ó ní, "Ìyáálé mi, ọkọ wa kò rí mi. Ìyá tó bí mi kò rí mi. Ẹ̀yin nìkan lẹ rí mi, lójoojúmọ́, pẹ̀lú aago." Ó fa gèlè wálẹ̀ bo ojú ọ̀tún. Ó ní, "Ẹ kàn rí mi lódì ni."

Ọjọ́rú, 15 Jánúárì

Oògùn kíkán ní wákàtí wákàtí. Fàtímọ̀ ló ń kán an. Mo na ọwọ́ láti gbà á, ọmọ náà gbé e sẹ́yìn.

Ọjọ́ Ajé, 20 Jánúárì

Ìsẹ́yìn. Ojú ọ̀tún: òjìji ni yóò máa rí, bóyá àwọ̀. Òsì ṣì dára, a gbọ́dọ̀ ṣọ́ ọ ni, torí ọlọ́dẹ yẹn mọ ọ̀nà ibẹ̀ náà. Dókítà kọ lẹ́tà sí ọsibítù ńlá kan n'Ìbàdàn fún eegun. Ó ní wọ́n máa béèrè ìtàn àìsàn náà kínníkínní. Ó rẹ́rìn-ín sí mi: "Ẹ mú ìwé yín lọ, ìyá."

Ọjọ́rú, 22 Jánúárì

Bàbá Àríyọ̀ wá. Ó ní a kò mọ̀ ni, ó ní orí ló yọ ọ́. Ó ní kí Àpọ́nlé fi ọwọ́ wọ́nú. Ọtí ẹlẹ́rìndòdò méjì ló mú wá. Àpọ́nlé dúpẹ́, ní ìdúró.

Lẹ́yìn tí Bàbá lọ, Àpọ́nlé sọ fún Ládòkun pé òun ń lọ sọ́dọ̀ àbúrò òun, Gbọ́láhàn, n'Ìbàdàn, òun àti Fàtímọ̀. Ládòkun ní fún ìtọ́jú ni, àbí? Títí di ìgbà wo? Ó ní òun kò mọ̀. Ó ní, "Baba Wàhábì, mi ò lè máa gbé ilé tí wọ́n ti ń kọ mí sílẹ̀."

Ládòkun wò mí kí n bá a ṣírò rẹ̀. Mi ò ní ìṣírò kankan.

Ohun tí mo wá látìbẹ̀rẹ̀ náà ni kó kúrò nínú ilé. Ó ń kúrò.

Lẹ́yìn náà ló wá bá mi nídìí àpáta. Ó ní òun fẹ́ ìwé náà, fún àwọn dókítà. Mo ní màá dà á kọ fún ẹ, ìyàwó, màá kọ ọ́ dáadáa, ìwé tuntun. Ó ní, "Bó ṣe wà yẹn ni, Ìyáálé mi. Èmi ò mọ̀ ọ́n kà. Fàtímọ̀ á máa kà á fún mi."

Àlàmísì, 23 Jánúárì

Mo ra ìwé tuntun, ogójì ewé. Mo jókòó láti da ọjọ́ nìkan kọ, kí n fi ọ̀rọ̀ mi sílẹ̀.

Kò ṣeé ṣe. Mo kọ "2 Dìsẹ́ńbà". Kí ni màá kọ tẹ̀lé e? Mo ní, orúnkún gan. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, mi ò rí orúnkún tó gan. Àfojúdi ni mo rí. "Bí ẹni tí ilẹ̀ ń jó" — èébú ni mo fi ṣe, òun gan-an sì ni dókítà ní kí n tún kà. "Ó fọwọ́ ti ìdí bí aláboyún" — ó fa ìlà sí i nídìí. Bí mo bá yọ èébú kúrò, àìsàn náà kò sí níbẹ̀ mọ́.

Mo fa ìwé tuntun náà ya.

Jímọ̀, 24 Jánúárì

Fàtímọ̀ lọ dágbére fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó mọ̀wé kà ju mi lọ. Kì í fo ọ̀rọ̀. Tíṣà rẹ̀ ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀.

Àbámẹ́ta, 25 Jánúárì

Ọ̀la ni mọ́tò wọn.

Mo gbé bírò lé Ọ̀sánpọ́n níbi gbogbo tó wà, láti fi ìlà dúdú pa á. Mo pa ọ̀kan. Mo dúró. Ọmọ tí yóò bá ìlà dúdú lójú ewé, yóò bi ìyá rẹ̀ pé kí ló wà lábẹ́ rẹ̀, ìyá rẹ̀ kò sì ní mọ̀, wọn yóò wá rò pé ó burú ju bó ṣe rí lọ. Mo tún orúkọ náà kọ sókè ìlà, kó hàn.

Fàtímọ̀, tó o bá dé ibí: kà á fún un kedere. Èyí tí mo kọ lọ́jọ́ kẹfà Jánúárì náà, pé mo gbádùn rẹ̀ — kà á. Dókítà lè má nílò rẹ̀. Ìyá rẹ nílò rẹ̀.

Mo ti yí ìwé padà. Ní èèpo ẹ̀yìn, mo kọ orúkọ mi ní kíkún, Àwáwù Ládòkun, àti agboolé wa, kí ẹnikẹ́ni tó bá kà á n'Ìbàdàn má ṣe rò pé ọ̀tá kan láti òde ló kọ ọ́.